Ilé Ọba Tó Jó ní Àgbádárìgì

“Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i” ni àwọn àgbà máa ń wí, nítorí pé bí iná bá mú ààfin, tolórí-tẹlẹ́mù ni yóò dáwó jọ láti tún un kọ́, títí èyí tuntun yóò fi ta ti àtijọ́ yọ. Ohun kan wà nínú òwe náà tí ayé òde òní kì í fẹ́ rántí, ìyẹn ni pé ọba tí ilé rẹ̀ jó náà ni yóò wọ inú ilé tuntun. Bí iná bá jó ilé ẹnì kan, tí ẹwà wá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìdàgbàsókè ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Motherland Group, tí Marlon Jackson tó bá àwọn arákùnrin rẹ̀ kọrin nínú Jackson Five wà lára àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀, gbé ètò ìdàgbàsókè kan kalẹ̀ fún etíkun Àgbádárìgì, tí iye rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 3.4 owó dọ́là. Ohun ìrántí òwò ẹrú wà nínú rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá wà níbẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jackson Five kò gbẹ́yìn, pápá gọ́ọ̀fù sì kún un.

Gọ́ọ̀fù, eré tí a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré títí yóò fi kó sínú ihò, tí ihò náà sì sábà máa ń jẹ́ 18, gbilẹ̀ lórí ilẹ̀ oníyanrìn etíkun Scotland, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò oníyanrìn sórí pápá rẹ̀ títí dòní. Ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ní Àgbádárìgì, yanrìn àti igi àgbọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pápá síbẹ̀ lè kọ́kọ́ ra erùpẹ̀ dúdú bo yanrìn kí koríko lè hù, lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ́ koríko ọ̀hún kúrò, kí ó lè rí ibi da yanrìn sí.

Eré yìí kì í ṣe àlejò ní Èkó. Àwọn òyìnbó ló dá ẹgbẹ́ tó di Ikoyi Club, níbi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, sílẹ̀ fún ara wọn ní ọdún 1938. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀tọ̀kùlú dúdú gba ìjókòó, ṣùgbọ́n ògiri kò wó. Àwọn ará Màrókò, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan ní Èkó, tí a fojú bù ní 300,000, tí ìjọba ológun Raji Rasaki lé kúrò ní oṣù keje ọdún 1990, mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹwà ti bù sí ilẹ̀ wọn láti ìgbà náà, àwọn kọ́ ló sì ń gbé ibẹ̀.

Ní Gberefu, erékùṣù kan ní Àgbádárìgì, lójú ọ̀nà etíkun tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ sínú ọkọ̀, kànga kan wà tí àwọn atọ́nisọ́nà ń fi han àlejò, tí ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lábẹ́ ètò 2009, àlejò yóò tọ ipasẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, yóò sunkún díẹ̀, yóò nu ojú nù, yóò sì padà sí òtẹ́ẹ̀lì lọ fa ọtí mu lẹ́bàá odò ìlúwẹ̀ẹ́, bí ẹni pé kànga kan ṣoṣo kò tó.

Orí ìwé ni ètò ńlá náà parí sí. Yanrìn ṣì wà níbẹ̀, àwọn apẹja sì ń fa àwọ̀n gúnlẹ̀ sórí rẹ̀ láìsan owó ẹgbẹ́.