Ọ̀nà Tí Kò Lọ Sọ́dọ̀ Ẹnì Kankan

Yorùbá kì í rin ìrìn òfo. Bí ẹ bá rí wa lójú títì, ìnáwó là ń lọ, tàbí òkú, tàbí a fẹ́ lọ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó jẹ wá. Ìdí nìyí tí ọ̀nà kan ní Amẹ́ríkà níbí fi máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti àlejò tó bá ti ilé wá. Blue Ridge Parkway lorúkọ rẹ̀. Máìlì 469 ni, orí òkè ló ń tọ̀ láti Virginia wọ North Carolina. Bí ẹ bá ń kánjú dé ibikíbi, ẹ gba ọ̀nà mìíràn. Ìran wíwò ni wọ́n la èyí fún.

Tírélà kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Kò sí ilé epo lórí rẹ̀, kò sí pátákó tó ń polówó ọṣẹ, kò sí pásítọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí yín lára pósítà. Ẹ ò sì gbọdọ̀ sáré kọjá máìlì 45 ní wákàtí kan. Ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á, ọdún 1987 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọdún 52 gbáko! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣépè fún kọngílá nílé, ẹ rọra. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n là kẹ́yìn, kì í ṣe torí pé ẹnì kan kówó jẹ ló fi pẹ́. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n fọ́ ẹ̀gbẹ́ Grandfather Mountain ni. Wọ́n wá ṣe afárá kan tó rọ̀ mọ́ ara òkè náà, ègé kọnkéré 153 tí wọ́n so kọ́ra. Ẹyọ kan péré ló gún nínú wọn, gbogbo ìyókù ló tẹ̀, kí òkè má baà fara pa. Bó bá jẹ́ tiwa ni, òkè ni ì bá kó ẹrù rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni èrò máa ń pọ̀ jù, nígbà tí ewé bá pọ́n. Mo gbé ìyá ìyàwó mi lọ. Mọ́mì wé gèlè, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, kúlà ìrẹsì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

“Bàbá Ìbejì, ọ̀dọ̀ ta là ń lọ?”

“A ò lọ sọ́dọ̀ ẹnì kankan, Mọ́mì. Òkè la fẹ́ lọ wò.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé àwọn tó ni òkè náà mọ̀ pé à ń bọ̀?”

Ibi tí wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ọkọ̀ lè dúró wòran pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Níbi tí a yà sí, bàbá òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ ti tẹ́ àga, wọ́n kọjú sí àfonífojì, wọn ò sọ nǹkan kan síra wọn. Òkè ń bẹ lẹ́yìn òkè. Èyí tó sún mọ́ wa pupa, ó ní ìyeyè lára. Àwọn tó wà lókèèrè ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí àdìrẹ tí wọ́n ti fọ̀ láfọ̀túnfọ̀. Ohun tí àwọn igi náà ń tú sínú afẹ́fẹ́ ló ń fún òkè láwọ̀ aró bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì wo tọkọtaya náà títí. “Ta ló kú fún wọn?”

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ewé ni wọ́n ń wò.

“Ewé tó fẹ́ já bọ́? Èyí tí mò ń gbá láràárọ̀ n’Íléṣà!”

Ni wọ́n bá ṣí kúlà, wọ́n bu ìrẹsì fún àwọn òyìnbó. Kí a tó kúrò níbẹ̀, Mọ́mì ti mọ iye ọmọ tí wọ́n bí àti orúnkún tó ń dun ìyá náà.

Bẹ́ẹ̀ bí Mọ́mì bá ń lọ sí Adó-Èkìtì, Ìwàràjà sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí ohun tí Blue Ridge fẹ́ fi yangàn sí i. Ọ̀nà ń lọ́, òkè dúró gbagidi lápá kan, kòtò jìn lápá kejì, igbó kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè wò ó? Tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú. Èrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tẹ̀yìn ti dijú, wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Dírẹ́bà ní tirẹ̀ ń fọwọ́ kan gbé fóònù. Ó di Àrámọ̀kọ kí ojú tó là. Àwọn tó tilẹ̀ ń yà sí Ẹ̀fọ̀n, ibojì Àpọ́sítélì Babalọlá ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ, àdúrà ló sì gbé wọn wá: àwọn náà dijú.

Èmi ò gbà pé òyìnbó mọ ẹwà jù wá lọ. Ọkàn rẹ̀ ló balẹ̀. Ó mọ̀ pé tírélà kò ní ti ẹ̀yìn já lù ú. Nígbà tí ìjì Helene wó òkè lu ọ̀nà wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n ti ibi tó bàjẹ́ pa, wọ́n sì kéde rẹ̀. Nílé, táyà yín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ìjọba Èkìtì àti ti Ọ̀ṣun, a bẹ̀ yín: ẹ fi irin dí etí kòtò yẹn, ẹ wá ọ̀nà mìíràn fún tírélà, kí ẹ sì gé ibi ìdúró bíi mélòó kan láàárín Ìwàràjà àti Ẹ̀fọ̀n. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa ilé oúnjẹ. Oníbọ̀ọ̀lì àti ẹlẹ́pà yóò ti débẹ̀ kí kọnkéré tó gbẹ.