Ẹṣin Iwájú Ń Lọ Igbó, Ti Ẹ̀yìn Ń Lọ Ọjà

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe yìí dára fún ọmọdé, ó sì dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn àgbà tó pa á kò wulẹ̀ sọ, torí wọ́n rò pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n: ọ̀nà kan náà ni ẹṣin méjèèjì ń tọ̀. Ní Parakou, ní àríwá Benin, lónìí, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ òwe náà ti yẹ̀. Ẹṣin iwájú ni Land Cruiser funfun ti àwọn oníṣẹ́ ìlera, ti àwọn àjọ aláàánú, àti ti àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà ẹranko Pendjari, tó ń wọ ibi tí ọ̀nà kò sí. Ẹṣin ẹ̀yìn ni oníṣòwò tó ra irú rẹ̀, tó ń wà á láti àdúgbò Banikanni dé ọjà Arzèkè. Ìjọba ń da ọ̀dà, wọ́n ń to bíríkì sí ojú ọ̀nà ìlú lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Asphaltage. Bí ọ̀nà ṣe ń dán sí i, bẹ́ẹ̀ ni táyà àwọn olówó ń ga sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n rà. Land Rover jáde ní 1948 fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; inú ọkọ̀ tí Toyota ṣe ní 1951 ní irú ti Jeep ológun ni Land Cruiser ti wá. Oko àti ogun ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Orí ṣáàsì irin ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé bọ́dì lé, kó lè fara da kòtò àti òkúta. Sípíríǹgì ẹ̀yìn Land Cruiser 70 jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó le, tó ń fẹ́ ẹrù gidi kó tó rọ̀. Bí ó bá jẹ́ agbọ̀n tòmátì kan ló gbé, ńṣe ni yóò máa ju ẹni tó jókòó sẹ́yìn sókè. Land Cruiser 200 wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ, Corolla kò pé ọ̀kan ààbọ̀. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti jíà tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀. Ìkìlọ̀ wà fún ẹni tó ni Hilux tàbí Land Cruiser 70 pé kó má ṣe ki jíà náà bọ̀ ọ́ lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ̀nà, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ kò bá sì jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀, jíà ni yóò máa lọ́ títí yóò fi bàjẹ́. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ san owó gọbọi, òun gan-an ni wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láti ilé dé ọjà. RAV4, tó jáde ní 1994, tí Toyota kọ́ sórí ìpìlẹ̀ ọkọ̀ kékeré, ìbá tó wọn. Ó ga díẹ̀, ó rọ̀ lójú ọ̀nà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á ní, òjò ńkọ́? Ilẹ̀ pupa tó wà ní àwọn àdúgbò tí ọ̀dà kò tíì dé ńkọ́? Kí ọ̀dà tó dé Djougou àti Nikki, Peugeot 504 ló ń kó èrò àti iṣu ní àríwá Benin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí táyà ẹ̀yìn méjì péré. Irú ọkọ̀ yẹn ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975. Òjò tí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ń là kọjá lórí táyà méjì, kí ló dé tó fi di ogun fún onítáyà mẹ́rin? Àwọn mìíràn á ní ààbò ni àwọn ń wá, nítorí ọ̀nà Cotonou ju 400 kìlómítà lọ, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Malanville sì kún un. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, ará inú èyí tó wúwo ló sábà máa ń yè é. Àmọ́ níwájú akẹ́rù tó ru símẹ́ǹtì, kò sí jíìpù tó wúwo. Jíìpù gíga sì rọrùn láti dojú dé ní kọ̀nà ju ọkọ̀ kúkúrú lọ. Nínú ìlú, zémidjan ló yí i ká, bọ́ńẹ́ẹ̀tì tó ga dé àyà èèyàn kì í sì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ọmọ kékeré tó dúró níwájú rẹ̀. Ààbò tí ẹnì kan rà, ẹlòmíràn ló ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san án.

Ti pé Land Cruiser kì í tètè sọ iye rẹ̀ nù, mo gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V8 lè mu ìlọ́po méjì epo tí Corolla ń mu, owó kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, sì ti gun òkè láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023. Ó ku àwọn olóòótọ́, àwọn tó ní iyì làwọn ń rà. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ní Nikki, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin aláṣọ ńlá ṣe ọdún Gaani, ta ló ń gun ẹṣin ọdún lọ ra ata? Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti ra tiyín, ẹ wo ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, èyí tí wọ́n fi ń ki jíà táyà mẹ́rin bọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá lè dárúkọ ọ̀nà kan tí ẹ óò ti fọwọ́ kàn án kí ọdún yìí tó parí, ẹ ra Corolla, kí ẹ sì fi owó tó kù ra ilẹ̀.