Ọ̀nà Kan Ò Wọjà, Àfi Ọ̀nà Tèmi

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí wọ́n bá dí ọ̀nà mọ́ ni wọ́n fi ń tù nínú, pé kó gba ibòmíràn, ọjà kò ní tú kó tó dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ, bóyá nítorí pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n nígbà náà: ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní oníbodè tirẹ̀. Kí aláàárù tó gbé ẹrù wọ ìlú láyé àtijọ́, oníbodè á ti na ọwọ́, owó ẹyọ á sì ti bọ́ sílẹ̀. Oníbodè kì í tà, kì í rà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo ẹrù ẹlẹ́rù, kó pòṣé, kó sì dá iye tí onítọ̀hún yóò san kó tó kọjá.

Ẹ má wá oníbodè lọ sí ẹnu odi ìlú mọ́. Wọ́n ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti di olólùfẹ́ jáàsì.

Ọjà tí wọ́n ń ṣọ́ nìyí. Àwọn oníjáàsì ní àwọn orin kan tí wọ́n ń pè ní standard. Bí oríkì orílẹ̀ ni wọ́n rí láàárín wọn. Oríkì Oníkòyí kì í ṣe ti apohùn kan; ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń kì í, ohùn àti àrà ọwọ́ kálukú ló sì ń yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni olórin méjì tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn ṣe lè pàdé nílé ọtí kan ní Paris tàbí Tokyo, kí ọ̀kan dárúkọ orin, kí èkejì mi orí, kí eré sì bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn orin náà ló ti orí ìtàgé Broadway ní New York wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré tó bí wọn sì ti lọ. Ní ọdún 1939, Jerome Kern àti Oscar Hammerstein kọ "All the Things You Are" fún eré kan tí wọ́n pè ní Very Warm for May. Ìgbà 59 péré ni wọ́n ṣe eré náà tí wọ́n fi kógbá sílé. Eré kú, orin ló jogún ilé. Títí di òní, kò sí ọmọ tó ń kọ́ jáàsì tí kò ní kọjá lábẹ́ orin yẹn.

Ọjà tó tóbi tó báyìí, ẹ ó rò pé àyè á gba gbogbo ènìyàn. Ẹ bá mi dé ẹnu ibodè ná.

Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́-Orin la kọ́kọ́ bá. Owó tí òun ń gbà ni pé kí olórin fun orin náà geere, bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́, kó tó dá àrà kankan. Bí ó bá ti yà bàrá báyìí, bàbá á gbé ife kalẹ̀: "Orin ọ̀hún dà?" Ẹ wá bi bàbá pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwo orin tó ní. Kíá ni yóò dáhùn: "Body and Soul" ti Coleman Hawkins. Ẹ rọra jókòó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1939, Hawkins, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Yúróòpù lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5, gbé saksofóònù rẹ̀ wọ ibi ìgbohùnsílẹ̀ ní New York. Orin tí Johnny Green kọ ní 1930 ló mú. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni Hawkins ti fi orin náà han ènìyàn fìrí. Ìyókù ìṣẹ́jú 3 náà, àrà lórí àrà ni. Àwọn ènìyàn sì rọ́ ra á. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ti Hawkins, tọmọ ọba ló fi jẹ́ ẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá ni pé ó ti gbọ́ àrà yẹn títí, àrà ti di orin létí rẹ̀. Igi tí arúfin àná gé lulẹ̀ láti fi la ọ̀nà, òun ni bàbá fi kan ilẹ̀kùn ibodè.

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò, a ó tún lò ó.

Ìyá Ọ̀rọ̀-Inú-Rẹ̀-Ńkọ́ ló wà ní ọ̀nà kejì. Ti ìyá ni pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ orin kò gbọdọ̀ fi ohùn èlò kan án. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ní ẹlẹ́rìí. Dexter Gordon, ọ̀gá onísaksofóònù, a máa ka ọ̀rọ̀ orin ìfẹ́ fún àwùjọ kó tó gbé fèrè sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Ella Fitzgerald ni ọba lójú ìyá, nítorí pé láti 1956 ni Ella ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ iṣẹ́ àwọn ìlúmọ̀ọ́ká akọrin Amẹ́ríkà sínú àwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ kedere bí omi àfàárọ̀pọn. Kò burú. Ní oṣù Kejì ọdún 1960, Ella dúró níwájú èrò ní Berlin, ó bẹ̀rẹ̀ "Mack the Knife", ọ̀rọ̀ orin sì fò lọ lórí rẹ̀. Kò dúró. Ó ń hun ọ̀rọ̀ tuntun bó ṣe ń lọ, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú orin pé òun ti ba orin jẹ́, ó tún sín Louis Armstrong jẹ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ẹ̀bùn Grammy ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ìyá ní àwo náà nílé. Bí ẹ bá rán an létí, á ní, "Ti Ella yàtọ̀." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníbodè ń sọ nìyẹn nígbà tí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bá kọjá láìsanwó.

Ọ̀nà kẹta ti Ọ̀gbẹ́ni Má-Jẹ̀ẹ́-N-Dá-A-Mọ̀ ni. Ọ̀dọ́ ni, gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀ nínú ilé. Lójú tirẹ̀, orin tí ènìyàn bá lè bá olórin kọ mẹ́nu, ti ibi ìgbéyàwó ni. Charlie Parker ni òrìṣà rẹ̀, "Ko-Ko" ti 1945 sì ni ẹbọ. Eré burúkú ni lóòótọ́: fèrè ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé orin báyìí ni. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe ṣe Ifá tí kò ní hu ìwà èkùrọ́. Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn ìpìlẹ̀ tó gbé orin ró, ti "Cherokee", orin tí Ray Noble, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1938, ló wà nísàlẹ̀ gbogbo eré yẹn. Àwọn ọmọ bíbọ́ọ̀pù, irú jáàsì tí Parker ń fun, fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gidi: wọ́n á fi ìpìlẹ̀ ilé sílẹ̀, wọ́n á kọ́ ilé mìíràn lé e. Ọgbọ́n orí wà níbẹ̀, owó náà sì wà níbẹ̀. Ohùn orin ní olóhun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ kọ́ọ̀dù kò ní. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ti bíbọ́ọ̀pù pàápàá. Èyí tó wá pa Ọ̀gbẹ́ni lẹ́nu mọ́ ni pé ní 1949, Parker kan náà kó àwọn onífayolíìnì jọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fun "Just Friends" lọ́nà tí ènìyàn fi dá a mọ̀ dáadáa. Òrìṣà ti gba ẹnu ọ̀nà Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́-Orin kọjá, olùsìn rẹ̀ ò mọ̀.

Alàgbà Ìwé-Ló-Wí-Bẹ́ẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí adùn. Ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká ló wà lábíyá rẹ̀, Real Book lorúkọ rẹ̀. Ohun tí ó bá wà níbẹ̀ ni kóo lù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé "Autumn Leaves" sí G máínọ̀, inú alàgbà á ru, nítorí E máínọ̀ ni ìwé wí. Ẹ má sọ fún un pé Joseph Kosma, tó kọ orin náà ní ilẹ̀ Faransé ní 1945, kò rí ìwé yẹn rí. Ẹ má sì sọ fún un pé G máínọ̀ gan-an ni Cannonball Adderley àti Miles Davis gbé e sí ní 1958, tí ayé fi ń tẹ̀ lé wọn. Ibi tí ìwé náà ti wá ló dùn jù. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Berklee ní Boston ló fi ọwọ́ kọ ọ́, wọn kò gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ni orin, abẹ́ aṣọ ni wọ́n sì ti ń tà á. Àṣìṣe inú rẹ̀ kò kéré. Ó di 2004 kí ilé ìtẹ̀wé Hal Leonard tó tẹ èyí tó bófin mu, tí wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ àṣìṣe náà ṣe. Ẹ̀yin ará, ẹrù fàyàwọ́ ni alàgbà fi ń ṣòfin fún àwọn oníbodè!

Ó ku ibodè méjì tó dojú kọra wọn, tí olórin kò lè kọjá ọ̀kan kó má kọlu èkejì. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún ń kígbe pé, "Ẹ ti lù wọ́n jù! Ẹ lọ kọ tiyín." Ẹni tó wà lápá òsì ń kígbe pé, "Ta ní mọ ìyẹn? Ẹ lu èyí tí a mọ̀." Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1959, Ornette Coleman dé ilé ọtí Five Spot ní New York pẹ̀lú àwọn orin tirẹ̀. Apá òsì ní kò mọ fèrè fun, kó fun orin àwọn àgbà kí àwọn fi wọ̀n ọ́n. Ní 1960 ó mú "Embraceable You" ti Gershwin, ó fun ún bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ní kó fun orin tí òun mọ̀ wá tún ní òun kò mọ èyí mọ́. Nígbà tó di 1985, Miles Davis mú "Time After Time" ti Cyndi Lauper. Oníbodè ní orin àwọn ọmọ orí rédíò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ "Bye Bye Blackbird" tí gbogbo wọn ń torí rẹ̀ yin Miles, orin ìgboro ni lọ́dún 1926, ọgbọ̀n ọdún kí Miles tó fọwọ́ kàn án. Ní 1996, Herbie Hancock kó orin Prince àti Nirvana jọ sínú àwo kan, ó sì sọ ọ́ ní The New Standard, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn fún oníbodè láti inú ilé.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Àwọn oníbodè yìí tilẹ̀ ti ré kọjá ìyẹn: wọ́n dé gbogbo oko, òfin ni wọ́n kó bọ̀. Bí ẹ bá dí ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n á kọ òwe sí yín létí pé ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà tiyín, òwe ti tán lẹ́nu wọn. Ọjọ́ sì ń lọ, ọjà ń kún, aláta ń pàtẹ, oníyán ń gúnyán, oníbodè kò tíì tọ́ nǹkan kan wò nínú rẹ̀, nítorí ta ni yóò bá a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?

Kí ẹ má baà ní àlébù ẹlòmíràn nìkan ni mo mọ̀, èmi náà ní ibodè. Ìṣẹ́jú 14 ni mo ń gbà.

Ọ̀rọ̀ John Coltrane ni. Ní 1959, Rodgers àti Hammerstein gbé The Sound of Music dé Broadway, "My Favorite Things" sì wà nínú rẹ̀, orin kékeré kan nípa àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń mú inú ènìyàn dùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Coltrane gbé saksofóònù soprano, ó fi orin wẹ́wẹ́ náà rin ìrìn àjò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú 14. Èyí ni mo gbọ́ kí n tó gbọ́ ohunkóhun, èyí ni mo sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá mẹ́nu kan èyí tó fun ní Japan ní 1966, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ to wákàtí kan, mo máa ń gbé ojú sókè ni: "Ó ti pọ̀ jù." Èmi tí ìṣẹ́jú 14 lórí orin ọmọdé kò jọ lójú, ìṣẹ́jú 57 ni mo ń pè ní àṣejù.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá gbé àwo mìíràn fún mi. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967 ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ní ilé àṣà tí Babatunde Olatunji dá sílẹ̀ ní òpópónà 125 ní Harlem. Olatunji tí mò ń wí, onílù ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry ni, ẹni tí Coltrane ti fi orin kan sọrí lọ́dún 1962, "Tunji". Coltrane tún fun "My Favorite Things" níbẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú 34, iná ń jó, ilẹ̀ ń mì, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ pàápàá ń kérora. Kò pé oṣù 3 lẹ́yìn náà tó fi kú. Ọdún 2001 ni àwo náà tó jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo pa á. Mo wo aago: ìṣẹ́jú 14. Ọkùnrin náà gbé orin kan láti Broadway, ó gbé e la ọ̀nà tí ẹnì kan ò là rí, ó gbé e dé ilé ọmọ ilẹ̀ wa, èmi ọmọ onílé ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mo na ọwọ́ fún owó ẹyọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí san án padà, díẹ̀díẹ̀. Lánàá, mo dé ìṣẹ́jú 22.