Kí A Tó Ra Pẹ́pẹ́yẹ Kún Pẹ́pẹ́yẹ

Ẹni tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin ní ẹ̀yìnkùlé kì í pẹ́ rò ó pé mẹ́fà ni ìbá dára jù. Èrò náà kò burú. Ọjà ló ti ń bàjẹ́, nítorí pé ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra pẹ́pẹ́yẹ: èyí tó funfun jù, èyí tó sanra jù, èyí tó yíjú padà wo oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹyẹ náà bá délé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ onílé ló máa sọ bóyá ó yẹ ní rírà tàbí kò yẹ, ẹnu àti èékánná ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, inú ọgbà ẹni ni ríra pẹ́pẹ́yẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìsọ̀ onípẹ́pẹ́yẹ.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń kà níbẹ̀ ni akọ. Akọ kan sí abo mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ìwọ̀n tó bára mu. Akọ méjì láàárín abo mẹ́ta ti di ẹjọ́: àwọn méjèèjì á máa gun abo kan náà léraléra títí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ yóò fi re tán, tí ibẹ̀ yóò sì dégbò. Tó bá jẹ́ inú omi ni, abo tó wà nísàlẹ̀ lè kú sómi. Bẹ́ẹ̀, akọ kì í yé ẹyin, kì í sàba. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan, oúnjẹ tó ń jẹ sì ju ti abo lọ. Ìdí nìyí tí akọ fi ń pọ̀ lọ́jà: ilé tó ti mọ ìwà rẹ̀ ló gbé e wá. Onípẹ́pẹ́yẹ tí orí rẹ̀ pé kì í gbé abo tó ń yé dáadáa lọ tà, àfi tí owó ilé ìwé ọmọ bá ká a mọ́.

Níbi tí adìyẹ bá wà nínú ọgbà kan náà, ọ̀rọ̀ akọ tún le sí i. Akọ pẹ́pẹ́yẹ tí abo kò kárí máa ń kọjú sí àgbébọ̀ adìyẹ. Àkùkọ ní tirẹ̀ kò ní nǹkan ọkùnrin tó yọ síta. Ihò ni ó fi ń kan ihò, ó parí. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ní, ó gùn, ó sì lọ́ yípo. Ara àgbébọ̀ kò gba irú rẹ̀, ó sì lè ṣe é léṣe tí yóò fi kú. Àwọn ọmọdé ń gbọ́ rédíò, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn yóò dúró síbẹ̀.

Bí ó bá ti hàn pé abo ni agbo nílò, iṣẹ́ tó kàn ni mímọ abo yàtọ̀ sí akọ, nítorí gbogbo pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí àtẹ ni ẹni tó ń tà á yóò pè ní abo, tí yóò tún fi kún un pé ó kù díẹ̀ kó yé. Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí kókó pupa wà lójú rẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Muscovy. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ilé kí ọkọ̀ òyìnbó tó gbé e káàkiri ayé. Akọ rẹ̀ tó dàgbà lè wọn kílò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo kì í sábà ju kílò 3 lọ. Kókó ojú akọ pọ̀, ó sì gbòòrò. Akọ yìí kò lóhùn. Bí inú bá ń bí i, èémí ni yóò máa fẹ́ jáde kíkankíkan, tí yóò sì máa mi orí síwá sẹ́yìn. Ohùn abo náà kò ju jẹ́jẹ́ lọ. Ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ń lo ọgbà kan kò ní pẹ́pẹ́yẹ tó dára jù ú lọ.

Ẹ̀yà tó kù, Pekin, Khaki Campbell, Indian Runner àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìdílé mìíràn ni wọ́n ti wá: pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mallard ni baba ńlá gbogbo wọn. Nínú ìdílé yìí, abo ló ń pariwo. Ohùn akọ máa ń há, tí kì í jáde tán. Bí akọ bá ti dàgbà, ìyẹ́ kan tàbí méjì máa ń ká sókè ní ìdí ìrù rẹ̀, èyí tí kò sí lára abo. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra abo Pekin kó má jiyàn pẹ̀lú oníṣòwò. Kó gbé ẹyẹ náà sókè, kó dúró, kó gbọ́ ohun tí yóò sọ. Oníṣòwò lè parọ́. Ohùn pẹ́pẹ́yẹ kì í bá a parọ́. Ti ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, àfi àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ihò ìdí rẹ̀ wò. Ẹni tó ra ọmọ mẹ́wàá kó máa retí nǹkan bí akọ márùn-ún, kó sì ti mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Ẹ̀yà wo ló yẹ kó wọlé? Ohun tí ẹni tó ń sìn wọ́n ń fẹ́ ló máa dáhùn. Ẹni tó fẹ́ kí agbo máa bí sí i fúnra rẹ̀, Muscovy ni kó rà. Ẹyin rẹ̀ kò pọ̀ láàárín ọdún, ṣùgbọ́n kò sí abo tó mọ ìsàba bí i tirẹ̀. Ọjọ́ 35 ni yóò fi jókòó lórí ẹyin, nígbà tí ẹyin àwọn ìdílé kejì ń gba ọjọ́ 28. Ẹni tó ń wá ẹyin jẹ kó wá Khaki Campbell, tí ìyàwó ilé kan tó ń jẹ́ Adele Campbell dá sílẹ̀ ní abúlé Uley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èyí tó dára nínú wọn lè yé tó ẹyin 300 lọ́dún, ṣùgbọ́n kó yé ẹyin tán kó tún jókòó lé e lórí, kò sí nínú àdéhùn rẹ̀. Pekin ló ń tètè tóbi fún ẹran. Ṣáínà ló ti wá, ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1873, ariwo rẹ̀ kò sì tíì lọ sílẹ̀ láti ìgbà náà. Indian Runner, tí àwọn erékùṣù Indonéṣíà jẹ́ orísun rẹ̀, kì í rìn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń nàró gbọnrangandan, ó ń sáré kiri bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Fún ọgbà tí ìgbín kéékèèké ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀, òun gan-an ni.

Ṣíṣe àdàlù Muscovy pẹ̀lú ìdílé kejì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Wọ́n lè gbé pọ̀, wọ́n sì lè bímọ fúnra wọn. Ọmọ náà á tóbi, ẹran rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n kò ní bímọ láéláé. Ní ilẹ̀ Faransé, irú àdàlù yìí gan-an ni wọ́n ń sìn jù nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí àwọn olówó ń rà ní owó gọbọi. Ní ẹ̀yìnkùlé, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń sìn wọ́n á kó ẹyin ọmọ àdàlù yìí jọ, á máa ka ọjọ́, á sì máa bú abo tó sàba lé e lórí.

Lẹ́yìn èyí ló kan ara ẹyẹ náà, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń wò ó, kì í ṣe láti orí ọ̀kadà. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, kí ihò imú rẹ̀ má dí, kó má máa la ẹnu mí. Kí ọwọ́ tẹ igbáàyà rẹ̀: bí eegun àárín rẹ̀ bá mú, yálà ebi ti ń pa á tipẹ́ tàbí aràn ló ń bá a jẹun. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀ kó má lẹ̀ mọ́ ìgbẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó wú, tí èépá dúdú sì wà láàárín rẹ̀, àmì egbò inú ni. Apá tó yí síta tí kò pa mọ́ ara, oúnjẹ tó lágbára jù nígbà tó ń dàgbà ló sábà máa ń fà á. Ó lè gbé ayé bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó ẹyẹ pípé lé e lórí. Ó sàn kí a lọ ra ẹyẹ ní ilé ẹni tó sìn ín ju ọjà lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti lè rí ìyá rẹ̀, omi tó ń mu, àti bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ní ọjà, ẹyẹ ogún ilé ló ń mí sí ara wọn nínú àgò kan.

Iye tó yẹ kò ju méjì lọ fún agbo kékeré, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹyọ kan ni gbogbo àwọn onílé yóò para pọ̀ lé kiri. Méjì á ní ẹni tí wọ́n jọ ń sá. Kí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ ti àwọn tó wà nílé. Ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín àgbà títí ìyẹ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ọmọ yìí ní àìní mìíràn: ó nílò niacin, fítámìn kan nínú àwọn B, ju ọmọ adìyẹ lọ. Bí oúnjẹ ọmọ adìyẹ nìkan ló bá ń jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọ́. Ìwúkàrà díẹ̀ tí a pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀ ń dí àlàfo yẹn. Àti ọmọ àti àgbà ló sì nílò omi tó jìn tó láti ri gbogbo orí bọ̀, kí wọ́n lè fọ ojú àti imú wọn. Adágún odò kò pọn dandan. Abọ́ ńlá tó.

Ẹyẹ tuntun kò gbọ́dọ̀ wọ inú agbo ní ọjọ́ tó dé, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí àìsàn ẹyẹ tí kòkòrò H5N1 ń fà, ní oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kiri, kó máa jẹun, kó máa jùrù, kí adìyẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló yẹ kí àlejò lò ní ibi ọ̀tọ̀, tó jìnnà sí agbo. Àwọn onílé ni kí a kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, lẹ́yìn náà àlejò. Bàtà tí a wọ̀ lọ sọ́dọ̀ àlejò kó má tẹ ilẹ̀ àwọn onílé. Bí ẹyẹ bá kú lójijì láàárín àkókò náà, dókítà ẹran ni kí a pè, kì í ṣe ìyá aláta pé kó gbé ata wá.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé ní àlàáfíà, kí wáyà wà láàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí wọ́n máa rí ara wọn láìfọwọ́kàn. Ọjọ́ tí wáyà bá kúrò, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Wọn á lé ara wọn, wọn á fa ara wọn nírù, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá yóò sì fi hàn pé òun ni ọ̀gá. Abọ́ oúnjẹ àti abọ́ omi méjì méjì, tó jìnnà síra, ló ń dín ìjà náà kù. Kò sí ìdí láti dá sí i àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tàbí tí wọn kò bá jẹ́ kí àlejò dé ibi omi. Muscovy ń fò. Kí a gé ìyẹ́ ńlá apá rẹ̀ kan ṣoṣo, kó má baà lọ jí sórí páànù ilé ẹlòmíì.

Akọ tuntun ní ààyè nínú ọ̀ràn kan ṣoṣo: bí akọ tó wà nílé bá ti ń gun àwọn ọmọ tirẹ̀, tí àwọn ẹyin kò sì pa dáadáa mọ́. Nígbà náà, kí a ra akọ láti agbo tí kò bá ti ilé tan, kí a sì rí i pé ti tẹ́lẹ̀ ti jáde kí tuntun tó wọlé. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ni ó dára jù láti ṣe pàṣípààrọ̀ náà: owó pẹ́pẹ́yẹ máa ń lọ sókè nígbà náà, kò sì sí ẹni tó máa béèrè ibi tí akọ àtijọ́ lọ.