Ọ̀rọ̀ Rio àti São Paulo, Ẹ Má Sọ Pé Èmi Ni Mo Sọ Ọ́

Ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà pariwo. Rio de Janeiro àti São Paulo, ìlú méjì tó ń ṣe bí orogún ní Bràsíl, ni mo fẹ́ rojọ́ wọn. Ará Rio á ní ará São Paulo kò mọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ará São Paulo á ní ta ni yóò bá ọ̀lẹ etí òkun tahùn. Síbẹ̀, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rí ara wọn. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ni bàálù ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn.

Bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, bí 360 kìlómítà ni. Tíkẹ́ẹ̀tì á ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n bí bàálù bá ti gbéra tán, bí ìṣẹ́jú 45 ló ń lò lókè. Kí olóorun tó rí oorun sùn, wọ́n ti ní kó de bẹ́líìtì.

Ilẹ̀ gan-an ló ń jẹ àkókò! Congonhas, pápákọ̀ òfurufú ti São Paulo, àárín ilé ló wà, orí òrùlé àwọn èèyàn ni bàálù ń gbà wọlé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí èèyàn máa bá pàdé kó tó débẹ̀ lè gùn ju ìrìn òfurufú fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olówó ìlú náà fi ń wọ hẹlikọ́pítà láti orí ilé gíga kan sí òmíràn. Owó dáa o!

Ti Rio, etí omi ló wà, Santos Dumont lorúkọ rẹ̀. Ibi tí bàálù ń sá lé kò ju mítà 1,323 lọ, omi níhìn-ín, omi lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá jókòó sójú fèrèsé lè rí òkè Pão de Açúcar kedere, bí ẹ̀rù kò bá mú un dijú.

Ẹ dúró ná, ṣé ẹ mọ Santos-Dumont yìí? Ọmọ Bràsíl tó fò ní Paris lọ́dún 1906 ni. Ẹ má dárúkọ àwọn Wright ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní àwọn ló kọ́kọ́ fi bàálù fò, níwájú ará Bràsíl o! Wọ́n á ní orí irin ni wọ́n gbé ọkọ̀ tiwọn lé lọ́dún 1903 kó tó gbéra, pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tiwa ló fi sáré nílẹ̀, ní gbangba, lójú èrò. Ọkùnrin náà sì fẹ́ràn oge, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga dé àgbọ̀n. Òun náà ló ní òun ò lè máa fa aago yọ lápò lókè, tí Cartier fi ṣe aago ọwọ́ fún un.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, bàálù. Lọ́dún 1959 ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Varig, VASP àti Cruzeiro, tí wọ́n ń bá ara wọn du oníbàárà, jókòó ṣàdéhùn tí wọ́n pè ní Ponte Aérea: tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ fẹ́ gbéra ni kí o wọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kógbá sílé, ọ̀nà náà kò dá.

Ẹni tówó bàálù bá wọ̀ lọ́rùn, kó gba ọ̀nà Dutra, bí 430 kìlómítà, bí wákàtí 6 nínú bọ́ọ̀sì. Réluwéè oníyára ńkọ́? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín! Ìjọba ti ń fọ́nnu rẹ̀ tipẹ́ kí Ife Àgbáyé 2014 tó dé. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù yẹn tán, Jámánì fi 7 sí 1 na Bràsíl ní Belo Horizonte, wọ́n sunkún títí omijé gbẹ, ẹnikẹ́ni ò tíì wọ réluwéè náà.