SSD Olówó Pọ́ọ́kú: Ẹ Bá Mi Bi Ayé Pé Kí Ni Mo Ṣe!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tan láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rí láàárọ̀, tẹ́ ẹ lọ wẹ̀, tẹ́ ẹ wọṣọ, tẹ́ ẹ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, tẹ́ ẹ padà dé, tí nǹkan róbótó yẹn ṣì ń yí lójú rẹ̀, tí kò tíì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tuntun nínú páálí, ẹ máa kọjá lọ, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, kí Ọlọ́run máa bù sí i fún yín.

Iṣẹ́ táìpù àti fọ́tókọ́pì ni mò ń ṣe ní Ọ̀wọ̀ níbí, lọ́nà Rufus Giwa Polytechnic. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni oníbàárà mi: ọmọ Ìpele, ọmọ Ùṣò, ọmọ Ifọ́n, ọmọ Ìdóàní. Kò sí ìkankan nínú wọn tó máa ń rántí pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àfi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ ti ní òun fẹ́ gbà á láàárọ̀ ọ̀la. Wọ́n á wá dúró lé mi lórí, wọ́n á máa mí sí mi lọ́rùn, wọ́n á máa ní, "Dádì, ṣé kò tíì tán ni?" Èmi tí mi ò tíì pé àádọ́ta ọdún! Ta ni dádì yín?

Kì í ṣe ẹ̀bi mi, láptọ́ọ̀pù mi ló ń falẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ẹ mọ èèwọ̀ Olorì Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ẹni tí à ń tìtorí rẹ̀ ṣe ọdún Ìgògo: wọn ò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá, wọn ò gbọ́dọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mẹ́ta péré! Èèwọ̀ ti láptọ́ọ̀pù mi ò lóǹkà. Mi ò gbọ́dọ̀ ṣí Word àti Chrome pa pọ̀, mi ò gbọ́dọ̀ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ nígbà tó bá ń ronú, mi ò gbọ́dọ̀ tẹ print lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ fíláàṣì náà ní kánkán. Bí mo bá dán an wò pẹ́nrẹ́n, á bínú lọ bíi ti olorì yẹn gan-an, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í dá a padà.

Ibẹ̀ ni àwọn olùdámọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ní ìlú yìí, bí orí bá ń fọ́ èèyàn, ó lè má rí ẹni tó máa fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, àmọ́ bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ń falẹ̀, gbogbo ayé ni dókítà! Enjiníà tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n yọ hard disk tí mò ń kó fáìlì sí, kí n fi SSD rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àkúrẹ́ pè mí lórí WhatsApp nítorí ẹ̀, òun náà ní SSD ni. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ọjà Ọba, tí mo kàn ní kó rọra nítorí láptọ́ọ̀pù tó wà lẹ́yìn mi, lórí eré ló ti yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Alàgbà, ṣé ẹ ti fi SSD sí i?" Arákùnrin, jọ̀ọ́, wo iwájú!

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Àwo pẹlẹbẹ ló wà nínú hard disk mi, ó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan á wá máa sá síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti ṣa fáìlì jọ lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí Windows bá ń jí, ọ̀kẹ́ àìmọye fáìlì kéékèèké ló ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, apá náà á sì dààmú. SSD ò ní ohun tó ń yí, kò ní apá tó ń sá, iná ló fi ń kọ ọ́, iná ló fi ń kà á. Níbi ká ṣa fáìlì kéékèèké, kódà èyí tó pọ́ọ́kú nínú wọn á na hard disk mi láìwẹ̀yìn.

Ó dáa, mo gbà, ẹ jẹ́ ká rà á. Èló ni? Háà! Dọ́là ni wọ́n fi ń ra gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, bíi ₦460 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba, kí ọdún 2024 tó jìnnà ó ti kọjá ₦1,500. Kí ló pa èmi àti dọ́là pọ̀, èmi tí mò ń gba náírà tó ti rún lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé? Lọ́dún 2011, omi ya wọ àwọn iléeṣẹ́ hard disk ní Thailand, owó hard disk bá fò sókè ní gbogbo ayé. Omi Thailand o, kì í ṣe odò Ọ̀sẹ̀! Ìyẹn rọlẹ̀ tán, wọ́n tún kó AI dé, wọ́n ń kọ́ ilé ràgàjì fún un káàkiri, ilé náà ń gbé gbogbo ohun tó ń jẹ́ mẹ́mọ́rì mì, débi pé ní December 2025, Micron, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà, kéde pé òun ń pa Crucial tì, orúkọ tó fi ń ta SSD fún èmi àti ẹ̀yin, kí òun lè ráyè gbọ́ ti àwọn oníbàárà ńlá. Oníbàárà ńlá! Wọ́n jókòó sí Amẹ́ríkà, wọ́n wo gbogbo ayé yí ká, èmi tí mò ń táìpù ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n rí pé mo kéré.

Àbí ta ni nǹkan yìí ò fìyà jẹ? Fujio Masuoka, ọmọ Japan tó ronú kan mẹ́mọ́rì flash tó wà nínú SSD nígbà tó wà ní Toshiba, ilé ẹjọ́ ló gbé iléeṣẹ́ náà lọ kó tó rí nǹkan gidi gbà. Ọdún 2006 ni wọ́n tó parí ẹ̀, mílíọ̀nù 87 owó Japan. Bí bàbá tó bí i bá ní láti sunkún owó ẹ̀ ní kóòtù, ta ni yóò gbọ́ tèmi?

Nígbà tí ojú wá ń pọ́n èèyàn báyìí, oníjìbìtì á yọ. Wọ́n gbé SSD kan wá hàn mí, TB 2, iye rẹ̀ ò tó ti GB 256 tó lórúkọ. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Aládùúgbò mi tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ló gbà á lọ́wọ́ wọn, ó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí i, ó wá ń wò mí tàánú-tàánú. Kọ̀ǹpútà rí TB 2 nínú rẹ̀ lóòótọ́, torí wọ́n ti kọ́ ọ ní irọ́: bí kọ̀ǹpútà bá bi í pé báwo lo ṣe fẹ̀ tó, TB 2 ló máa dáhùn. Bí ààyè tó ní gan-an bá kún, orí ti àtijọ́ ló máa ń kọ tuntun lé, kò ní sọ fún ẹnì kan. Ìgbà tí ẹbí ìyàwó kan ti Ifọ́n dé láti gba fọ́tò wọn, orúkọ fọ́tò pé, kò sí èyí tó ṣí. A tú nǹkan náà wò. Káàdì kékeré tí wọ́n ń fi sínú fóònù ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, àti ègé irin kan kó lè wúwo lọ́wọ́. Irin! Ta ló wá gba ẹkún o? Èmi náà ni! Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni ìyá ìyàwó ti sunkún, orí àga mi ló jókòó sí, fáànù mi ló ń fẹ́ ẹ, epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ mi ló sì ń jó lọ, ó ń wojú mi bíi pé èmi ni mo ya fọ́tò.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó lórúkọ ò ní ẹ̀tàn tiwọn. Níbi tí SSD gidi ti ń kó nǹkan méjì tàbí mẹ́ta sí ojú kan, olówó pọ́ọ́kú lè há mẹ́rin mọ́ ọn, QLC ni wọ́n ń pe ìyẹn, ó tètè ń gbó, kíkọ rẹ̀ sì ń falẹ̀. Wọ́n á tún yọ DRAM, mẹ́mọ́rì tó ń mú un yára, kúrò nínú rẹ̀ láti dín owó kù. Bẹ́ ẹ bá ń da fíìmù ńlá sí i, á kọ́kọ́ sáré, inú yín á dùn, ẹ ó ké pe ìyàwó yín pé kó wá wò ó, kí ìyàwó tó nu ọwọ́ rẹ̀ dé, ibi tó fi ń ṣe fáàrí ti kún, ó ti ń wọ́ ju hard disk lọ, ìyàwó á ní, "Ṣé èyí lẹ ní kí n wá wò?" Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí gbogbo ayé bá ti yìn wọ́n tán, wọ́n á pààrọ̀ inú rẹ̀, wọ́n á fi páálí kan náà àti orúkọ kan náà sílẹ̀.

Àmọ́ mo mú bírò, mo ṣírò ẹ̀. Kingston A400 tó jáde lọ́dún 2017, olówó pọ́ọ́kú pátápátá ni, wọ́n kọ ọ́ pé oníGB 240 rẹ̀ á gba TB 80 kíkọ. Bí mo bá ń kọ GB 20 sí i lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, tí mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí mi ò ṣe Ìgògo, tí mi ò sì ṣàìsàn, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ táìpù ni mò ń ṣe, ìgbà wo ni màá rí GB 20? Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ mí, ẹ rà á: kékeré, tó lórúkọ, GB 240 tàbí 256, lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á padà bó bá kọ̀. Ẹ fi H2testw, áàpù tó ń yẹ ààyè wò, kún un dẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e délé kẹ́ ẹ tó kó ohunkóhun sí i. Bó bá ń purọ́, á hàn. Ẹ̀yin oníkámẹ́rà, hard disk ńlá ni kẹ́ ẹ kó fọ́tò yín sí, ẹ má wá sunkún lórí àga mi.

Ohun tó máa pa SSD ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe kíkọ, iná ni. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Nàìjíríà, bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá já nígbà tí SSD ń kọ nǹkan lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ tó fi ń mọ ibi tó kó nǹkan sí lè dàrú, olówó pọ́ọ́kú ò sì ní ohun tó máa fi di iná mú díẹ̀ bíi ti àwọn tó wọ́n. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ra bátìrì. Hard disk tó fẹ́ kú máa ń kọ́kọ́ kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀, ọ̀pọ̀ SSD á kàn kú fin ni, nítorí náà ẹ tún gbọ́dọ̀ ra ibòmíràn tẹ́ ẹ máa kó ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí. Ẹ rí i? Olówó pọ́ọ́kú ti di ohun mẹ́ta!

Mo rà á ṣá. Bí enjiníà ṣe fi sí i tán, ó ní Microsoft ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí Windows 10 tí mò ń lò láti 14 October 2025, Windows 11 sì ní láptọ́ọ̀pù mi ti darúgbó jù fún òun. Mi ò dá a lóhùn. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní kí n kàn na ọwọ́ mú tíì mi, mo gbójú sókè, ó ti ṣí! Ó ti ń wò mí!

Inú mi ì bá dùn, àmọ́ ayé ò gbà. Nígbà tó ń falẹ̀, àwọn ọmọ yìí máa ń rí mi bí mo ṣe ń làágùn, wọ́n á ní "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sanwó láìjanpata, òmíràn á tiẹ̀ ra omi tútù fún mi. Báyìí, ọmọkùnrin kan kó iṣẹ́ rẹ̀ wá, mo tò ó, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ó wojú mi, ó ní, "Dádì, ṣé èyí náà lẹ fẹ́ gbowó lé? Ẹ ò tiẹ̀ tíì jókòó dáadáa." Ìdajì ló san! Ó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ti pọ́ọ́kú, gbogbo wọn wá ń fi ìdajì bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà àti mínírà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ò kí mi dáadáa mọ́, torí kò sẹ́ni tó ń dúró pẹ́ débi tí ebi máa pa á. Lánàá ló wọlé wá bá mi, ó fara balẹ̀ jókòó, ó ní òun kàn fẹ́ béèrè ni, hard disk àtijọ́ yẹn, ṣé mo ti sọ ọ́ nù?