Ọ̀wọ́ngógó Ti Fọ Ojú Ọ̀run Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ọ̀wọ́ngógó láràárọ̀, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé òun ló ń bá wa gbá èéfín iléeṣẹ́ kúrò lójú ọ̀run.

Ìṣirò inú ìròyìn ọdọọdún àwọn iléeṣẹ́ ló tú àṣírí náà. Àwọn tó ń kọ ìròyìn náà a ka afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí iléeṣẹ́ tú síta, wọn a sì fi owó ọjà tó tà pín in. Bí èsì bá ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, àtẹ́wọ́ ló kàn. Ẹ jẹ́ ká fi símẹ́ńtì dán an wò. Iléeṣẹ́ kan ṣe 1,000 àpò, ìyẹn 50 tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù kan a máa tú nǹkan bíi 600 kílò kábọ́ọ̀nù síta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 tọ́ọ̀nù. Bí àpò kan bá jẹ́ 5,000 náírà, tọ́ọ̀nù 6 ló bọ́ sórí mílíọ̀nù náírà kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún yí po, kí àpò di 10,000: àpò ò pọ̀ sí i, èéfín ò dín, síbẹ̀ tọ́ọ̀nù 3 péré ló kù lórí mílíọ̀nù. Ìdajì èéfín ti wọgbó! Ẹnikẹ́ni ò ra ẹ̀rọ tuntun, ẹnikẹ́ni ò pa jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń kọ́lé ló dá gbogbo owó ìmọ́tótó náà san.

Òótọ́ ni pé onímọ̀ tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò kó tó pín in. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn, nígbà tí fọ́tò ewé tútù ti gba gbogbo ojú ìwé?

Ẹ tún wo àìmoore wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, tí àpò símẹ́ńtì fò kọjá 10,000 náírà, ariwo ta. Lóṣù Kejì, Mínísítà Iṣẹ́ Òde, Dave Umahi, pe àwọn oníléeṣẹ́ jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Bírìkìlà yọ̀, lánlọ́ọ̀dù yọ̀. Kò sẹ́ni tó bi Mínísítà pé bí owó bá wálẹ̀, ṣé èéfín orí mílíọ̀nù ò ní gòkè ni? Ibi tó ti ń ṣàánú mẹ̀kúnnù ló ti fẹ́ẹ̀ ba àyíká jẹ́.

Lọ́dún 2021, Ààrẹ Buhari ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé tó bá máa fi di 2060, Nàìjíríà ò ní í dá kún kábọ́ọ̀nù ayé mọ́. Ọ̀nà ti là. Kí dọ́là ṣáà máa gùnkè bó ṣe gùnkè lẹ́yìn oṣù Kẹfà 2023, kí símẹ́ńtì sì máa wọ́n tẹ̀lé e. Nígbà tí àpò símẹ́ńtì bá di mílíọ̀nù kan náírà, èéfín orí náírà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo.

Ọ̀mùtí tí owó oṣù rẹ̀ di ìlọ́po méjì náà lè fọ́nnu pé ọtí tóun ń mu lórí náírà kọ̀ọ̀kan ti dín sí ìdajì. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò mọ owó oṣù, ìgò ló ń kà.

Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe símẹ́ńtì ò mọ náírà bákan náà. Bí wọ́n bá ti yan án nínú ààrò tó gbóná tó 1,450 dígírì, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú ju ìdajì kábọ́ọ̀nù símẹ́ńtì síta, yálà gáàsì ni wọ́n fi dáná ni o, tàbí èédú. Ohun tó lè dín in kù ni kí òkúta yíyan inú àpò dín, kí wọ́n fi amọ̀ yíyan àti òkúta ẹfun lílọ̀ tí kò wọ ààrò rí dípò rẹ̀. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìṣirò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn ọdọọdún, ẹ kọ iye tọ́ọ̀nù èéfín sí ẹ̀gbẹ́ iye tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì fún wa. Ẹ yọ náírà kúrò níbẹ̀. Ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti pọ̀ tó.